Àfiwé Ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tí ó ń kọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. Ó lè ka ọ̀rọ̀, kí ó pè é já gaara, kí ó sì há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí. Síbẹ̀, àwòrán tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fara sin fún un.

Ẹ wo ọmọ ilé-ìwé Yorùbá kan tí a kọ ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ojú pátákó fún. Ó bá 'boil over', 'flare up' àti 'simmer down' pàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tí ó ń ṣa òkúta lójú ọ̀nà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ. Olùkọ́ a sì pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ láti ilé wá. Nínú èdè abínibí rẹ̀, ẹni tí inú ń bí a máa gbaná jẹ; inú rẹ̀ a máa ru. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé fún un pé lójú elédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, iná ni ìbínú, inú ènìyàn sì ni ìkòkò tí ó ń hó lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọmọ ìyá kan náà.

George Lakoff àti Mark Johnson tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1980. Wọ́n fi hàn pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ewì nìkan. Òun ni ènìyàn fi ń ronú lójoojúmọ́. Ní ọdún 2000, Frank Boers gbé ìwádìí jáde láti Bẹ́ljíọ̀m: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún sábẹ́ àfiwé tí ó bí wọn rántí wọn ju àwọn tí a to tiwọn lọ́nà mìíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí àfiwé èdè méjì ti yapa ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fún ìgò ní ọrùn. Yorùbá fún odò ní etí. Ẹnu ni Gẹ̀ẹ́sì fún un, níbi tí ó ti ń wọ inú òkun. Owó ni Yorùbá ń ná. Àkókò, lílò ni wọ́n ń lò ó. Lójú elédè Gẹ̀ẹ́sì, owó ni àkókò: wọ́n ń ná an, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, wọ́n sì ń fi í dókòwò. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní há 'spend', 'save' àti 'invest' sórí lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó nawọ́ sí pàṣán, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá òun ti fi ìdí ọ̀rọ̀ han ọmọ náà. Iṣẹ́ yìí yẹ ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dénú. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ gbàgbé èdè ilé rẹ̀ kí ó tó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àkàbà ni ó ń yọ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ gun àjà.