Ẹyẹ oníke joyè ní Madison!

Bẹ́ ẹ bá dé Madison, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà, ẹ má yọ ṣùtì sí ẹyẹ oníke tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé o. Olóyè ni!

Don Featherstone ló ṣe é lọ́dún 1957: filamíńgò aláwọ̀ pínńkì, ẹsẹ̀ ẹ̀ wáyà lásán. Ilé táwọn òṣìṣẹ́ ń rà nígbà náà jọra bí ìbejì, ẹyẹ yìí lọ̀pọ̀ fi ń dá tiwọn mọ̀. Àwọn gbajúmọ̀ ní ìranù ni. Àmọ́ lọ́dún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ to ẹyẹ náà 1,008 sórí òkè Bascom, lẹ̀rín bá sọ! Nígbà tó di 2009, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò, wọ́n sọ ọ́ di ẹyẹ ìlú. Ẹyẹ tí ò lè fò, tí ò lè ké! Ohun tó wu mẹ̀kúnnù náà, ẹwà ni.