Ihò Kékeré Lára Páìpù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ń sin ẹja nínú àpótí dígí, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe asẹ́ omi fún ẹja àwọn ọmọ mi: korobá tí mo ki fóòmù sí wà nísàlẹ̀, omi ń ti etí àpótí sọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré sì ń fi páìpù tì í padà sókè. Mo tilẹ̀ pe aládùúgbò wá wò ó!

Lóru ọjọ́ kẹta, iná mànàmáná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́, omi kò dákẹ́. Páìpù tí mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpótí bẹ̀rẹ̀ sí fa omi padà, korobá kún, ó ṣàn dé abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi àpótí kò ju ìka mẹ́ta lọ, ẹja ń mí gúlegúle. Méjì kú, èyí tí ọmọbìnrin mi sọ lórúkọ wà nínú wọn. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀, àkísà ni ó nà sí mi.

Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sára páìpù náà, nísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀. Bí iná bá lọ, omi á fà dé ibi ihò, afẹ́fẹ́ á wọlé, omi á dúró. Mo ń nu ihò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó má baà dí, n kì í sì í jẹ́ kí korobá kún dé ẹnu. Síbẹ̀, bí iná bá ti lọ, korobá ni àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ ń sáré lọ wò.