Ọkọ̀ Fiat Tí Mo Rà ní Challenge

Ní ọdún 1989 mo jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà ní ìlú Ìbàdàn, ọkàn mi sì ń fà púpọ̀ sí níní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ní 1986 ni iyì náírà ti wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tuntun fi di ohun tí olùkọ́ ń fi ojú wò lásán lójú títì. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: n kò lè ra Peugeot tí gbogbo ènìyàn ń du, mo sì gba Fiat 124 kan tí ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún láyé.

Ọkọ̀ tí ó níyì ni nígbà tirẹ̀. Ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wà, láti 1899 ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Ní 1966 ni wọ́n gbé irú ọkọ̀ yìí jáde; wọ́n sì fi í ṣe ọkọ̀ tí ó tayọ jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1967. Àwọn ará Rọ́ṣíà gba àṣẹ láti máa ṣe irú rẹ̀, èyí tí àwa mọ̀ sí Lada, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Nítorí pé ọ̀nà tiwọn kò dára, wọ́n mú irin rẹ̀ nípọn sí i, wọ́n sì yí bíréèkì ẹ̀yìn padà. Bí mo bá wá ohun-èlò Fiat títí ní Agódi-Géètì tí n kò rí i, ti Lada a máa bá àwọn ibì kan mu, àfi ẹ́ńjìnnì nìkan, nítorí pé tiwọn yàtọ̀.

Ní Challenge ni mo ti rà á lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan. Mo bi í léèrè bóyá ó ní àbùkù. Ó ní, “Tíṣà, kò ní àbùkù kankan.” Mo ka ₦4,500 fún un, owó tí mo fi ọdún mẹ́rin kó jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi hó bí ìkòkò lórí òkè Mọ́kọ́lá, tí èéfín funfun bo ojú ọ̀nà. Mẹkáníìkì tú u. Ó ṣàlàyé fún mi pé orí ẹ́ńjìnnì náà, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, ti wọ́ nítorí ooru. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò lè dí ojú ibẹ̀ mọ́, omi sì ń jò wọ ibi tí epo ti ń jó. Ó họ gọ́ọ̀mù gbígbẹ kan níbẹ̀, ó sì fi í hàn mí: ẹni tí ó tà á mọ̀. Mo padà tọ bàbá náà lọ pẹ̀lú ìbínú. Kò jiyàn. Ó ní, “Tíṣà, bí èmi náà ṣe bá a nìyẹn.”

Ọdún méjì ni mo fi wà á, tí kẹ́ẹ̀gì omi kò kúrò nínú búùtù rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bá mi tì í, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí mo bá kó ìyàwó àti àwọn ọmọ sínú rẹ̀ ní Ring Road, ara mi a máa yá gágá.

Ní 1991 owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé, mo sì pinnu láti tà á. Mẹkáníìkì kan náà kọ́ mi ní ọgbọ́n: kí n fi gọ́ọ̀mù tuntun dí i, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ń gbé Àgbówó ni ó wá rà á. Ó yí i ká, ó ṣí búùtù, ó pa á dé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé kò ní àbùkù?”

Mo ní, “Kò ní àbùkù kankan.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi mọ ohùn ẹni tí mo ń fi sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ mo gba owó.

Òru méjì ni n kò fi sùn. Ní ọjọ́ kẹta mo mú ₦1,000 nínú owó náà, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Bódìjà lọ sí Àgbówó, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí kẹ́ẹ̀gì omi nínú búùtù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi bi yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ sọ pé kò ní.”

Ó gba owó náà, ó sì dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń pàdé níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ lẹ́yìn náà, a sì ń kí ara wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Kò tún bi mí léèrè ohunkóhun mọ́.