Ìsinmi Inú Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Ẹdẹ, mo na ọmọ mi nítorí ife kan ṣoṣo tí ó fọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ ni ó tó yé mi pé kì í ṣe ife ni mo ń bínú sí. Àárẹ̀ ni ó mú mi.

Láti ìgbà náà, kí ilé tó jí, mo máa ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ń nara bí àwọn ará Íńdíà ti ń ṣe nínú yógà wọn, mo sì ń rọra mí sínú, mí síta. Mo fi igun kan sílẹ̀ láìro, mo sì jẹ́ kí ewúro ibẹ̀ tanná. Oyin àti labalábá ń wá síbẹ̀; ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ kòkòrò. Mo ń tẹ́tí sí ẹyẹ títí ọkàn mi yóò fi rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí igun náà jìnnà sí ẹnu ọ̀nà nítorí ejò, ẹ má sì jẹ́ kí omi dárogún níbẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lánàá, ọmọ mi da ògì sílẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo mú àkísà wá, àwa méjèèjì sì jọ nù ún.