P Ti Màmá Mi

Tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Oko Ọba pé o ti kàwé ní Kútọnu rí, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi ọ́: "Ọ̀sẹ̀ mélòó?" Oníròyìn kan ló lọ gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìjọba Nàìjíríà fi ní àwọn ò ní ka ìwé-ẹ̀rí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò sí mọ́ fúngbà díẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2024. Láti ìgbà náà, ẹ̀fẹ̀ ni Kútọnu dà ládùúgbò wa.

Èmi ò gba ìwé-ẹ̀rí kankan bọ̀ o. Sáà ẹ̀kọ́ kan péré ni mo lò ní Yunifásítì Abomey-Calavi, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta. Àwa tí a pa Faransé pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè gbọ́dọ̀ lọ gbé níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn kan nínú wa lọ sí Abúlé Faransé tó wà ní Badagry, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991. Èmi ni mo fárígá pé àfi kí n kọjá ibodè Sèmè. Pọ̀nmọ́ ni màmá mi ń tà ní odò ẹran Oko Ọba. Àjọ tí wọ́n ń dá láti fi gba ìsọ̀ tuntun ni wọ́n kó, tí wọ́n kà á lé mi lọ́wọ́, tí wọn ò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì, mo jókòó sí ìlà kẹta, mo ṣí ìwé, mo kọ déètì. Nígbà tí olùkọ́ parí lẹ́yìn wákàtí méjì, déètì yẹn nìkan ló wà nínú ìwé mi. Faransé tí mo kọ́ nílé, Faransé tó máa ń dúró deni ni. Ti ibẹ̀ kì í dúró. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn ọmọ kíláàsì ń kọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé, bírò pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Èmi ń wo ẹnu olùkọ́. Nínú ìdánwò kékeré tí a kọ́kọ́ ṣe, mo gba mẹ́fà. Inú ogún ni wọ́n ti ń gba máàkì níbẹ̀. Mẹ́wàá ni kéèyàn tó yege.

Alaalẹ́ ni màmá mi ń pè tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ń yé ọ?"

"Ó ń yé mi, mà."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi pa irọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà (ẹ má rẹ́rìn-ín), olùkọ́ fonọ́lọ́jì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó, ó ní Yorùbá ni: *akpá, ɛsɛ̀, ishu*. Ara mi bù máṣọ. Èyí kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ, wọ́n tún ṣì í kọ! Mo nawọ́ sókè, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fi Faransé jákujàku sọ fún wọn pé kò tọ̀nà.

Mi ò mọ̀ pé ọmọ Kétu ni wọ́n. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n pe "Paris." Mo pè é. Wọ́n ní kí n pe "apá." Mo pè é.

"Ṣé iṣẹ́ kan náà ni ẹnu rẹ ṣe?"

Mo tún àwọn méjèèjì pè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ti Paris, ètè nìkan ni. Ti apá, ẹ̀yìn ahọ́n pẹ̀lú ń kan àfàsé. Àfàfàséfètèpè! Láti ọdún kìíní ni mo ti há ọ̀rọ̀ yẹn sórí, mo tiẹ̀ fi gba máàkì, ṣùgbọ́n mi ò wá a wò lẹ́nu ara mi rí.

Olùkọ́ ní kí n dìde ṣàlàyé fún kíláàsì ìdí tí àwa fi ń fi p kọ ọ́. Mo ní Yorùbá ò ní p ti Paris látilẹ̀, lẹ́tà kan sì tó wa. Pé ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 ló fìdí púpọ̀ nínú àkọtọ́ wa múlẹ̀. Wọ́n fi tiwọn kún un: Bẹ̀nẹ̀ ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè wọn ní 1975, kí ẹni tó mọ Fɔ̀n kà lè dá lẹ́tà kan náà mọ̀ nínú Yorùbá. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé ló wà láàárín méjèèjì. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rántí pé Faransé ni mo fi ń sọ ọ́ látẹ̀ẹ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ́wọ́ fún màmá mi pé kò tíì yé mi rí títí di òní.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹni tí nǹkan ń yé máa ń ráhùn. Ìwọ ò ráhùn rí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lójoojúmọ́. Mo gba mọ́kànlá níparí sáà, kì í ṣe máàkì tí èèyàn ń gbé kiri, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á.

Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi nísinsìnyí dá lórí bí àwọn obìnrin odò ẹran ṣe ń pe p nínú ọ̀rọ̀ tí a yá lò: pọ́ńpù, páípù, píọ́ wọ́tà. Àwọn àgbà ń fi ti apá pè é, àwọn ọmọ wọn ń fi ti Paris. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù síwájú màmá mi níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ ha pọ̀nmọ́, mo ní kí wọ́n pe "pọ́ńpù."

Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. "Ṣé ohun tí mo fi owó ìsọ̀ rán ọ lọ kọ́ nìyí?"

"Òun ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta."

Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹrin.