Ìdì Ère Idẹ ní Ouagadougou

Ère idẹ kékeré ni, èyí tó gba àtẹ́lẹwọ́: obìnrin tó pọn ọmọ, tó sì ru igbá, apá rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Irú rẹ̀ kún orí àtẹ ní Village Artisanal, àgbàlá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ouagadougou, ní Burkina Faso. Ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà jáde, kí wọ́n tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Wọ́n á fọ́ amọ̀ náà kí ère tó jáde, nítorí náà kò sí méjì tó jọra délẹ̀. Idẹ kì í fọ́ bí ìkòkò, àmọ́ apá yẹn lè tẹ̀, ara rẹ̀ sì lè ha. Ohun tí à ń torí rẹ̀ di ẹrù nìyẹn.

Ìdì tó wù mí jù bẹ̀rẹ̀ láti ara àjákù Faso dan fani, aṣọ òwú ilẹ̀ náà, tí àwọn ahunṣọ ń hun ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n ṣe ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn. Etí aṣọ tí aránṣọ gé dànù tó láti wé mọ́ ọrùn àti apá ère, kí wọ́n sì ki díẹ̀ sí abẹ́ igbá orí rẹ̀. Bébà inú àpò símẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e: ó le, àwọ̀ ilẹ̀ ni, a sì máa dún bí wọ́n bá ń ká a. Bébà yìí kan náà ni àwọn ẹlẹ́ran sísun ìlú náà fi ń di ẹran fún oníbàárà. Kí wọ́n ṣáà gbọn ìyẹ̀fun inú ìṣẹ́po rẹ̀ dànù dáadáa. Okùn òwú ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì di inú páálí àlòkù tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta.

Kò sí ọ̀rá níbẹ̀. Òfin 017-2014, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ka ṣíṣe, kíkó wọlé àti títa ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Burkina Faso. Àgùntàn àti màlúù ń gbé e mì, ìfun wọn a dí, wọ́n a kú. Síbẹ̀ ọ̀rá dúdú kò tíì tán lọ́jà. Ní Bobo-Dioulasso, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ GAFREH ń ṣà á, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń hun ún di báàgì.

Òfin náà gba èyí tó ń jẹrà láyè, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn sì lè gbà wọlé. Ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń pè ní oxo. Ṣe ló ń rún wẹ́wẹ́, kì í jẹrà tán. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é láti oṣù Keje ọdún 2021. Ewé tútù tí wọ́n yà sára rẹ̀ kò tan èmi jẹ.

Koríko gbígbẹ ńkọ́? Ó pọ̀ níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń hun ẹní ọgbà tí wọ́n ń pè ní secco. Ó dára bí ère kò bá ní kúrò nílùú. Bó bá fẹ́ rékọjá òkun, Australia kì í gba koríko náà wọlé, nítorí kòkòrò àti irúgbìn. Àpótí pákó náà ní tirẹ̀: inú igi gbọ́dọ̀ gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí wọ́n fín in lóògùn, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Páálí kò nílò òǹtẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ère láti Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò yín fún àjákù aṣọ.