Ẹyẹ Tí Màmá Gbàgbé Orúkọ Rẹ̀

Nígbà tí a gba ìsinmi lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá Màmá, ìyá bàbá mi, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ àmúrelé kan wà lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú orúkọ ẹyẹ 20 wá ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí a kò bá fi ojú ara wa rí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mo rojú. Ẹyẹ wo ló wà láàárín Ìdúmọ̀tà àti Ẹ̀bùtè Èrò, níbi tí èèyàn kò ti ráyè yí ọrùn?

Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, Màmá ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀bẹ kan ojú àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, wọ́n gbọ́ ariwo ẹyẹ lábẹ́ òrùlé.

“Àṣàkẹ́, ṣé àwọn àlejò ti dé?”

“Àlejò wo, Màmá?”

“Alápàǹdẹ̀dẹ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ là bí àlùmọ́gàjí.”

Mo ní ṣebí alápàǹdẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Onílé wà, àlejò wà. Máa wò ó.”

Mo ń wò ó. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo rí mẹ́fà lórí wáyà iná. Ọ̀fun wọn pọ́n, ọ̀já dúdú kan gba àyà wọn kọjá láìjá, ìrù wọn gùn, ó sì là sí méjì. Ti onílé, ọ̀já náà já láàárín. Ìlú Òyìnbó ni àlejò wọ̀nyí ti wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn tó ń sùn pọ̀ lójú kan máa ń lé ní mílíọ̀nù kan. Màmá kò ka èyí nínú ìwé kankan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ohun tí mo bá rí fún wọn, tí wọ́n sì ń fún mi lórúkọ rẹ̀: kannakánná, ẹ̀gà, àdàbà, ológoṣẹ́. Mo béèrè lékelèke. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé e bọ̀ láti òkè Ọya.

Lọ́jọ́ kan mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà ní ọ̀nà Adéníjì Adélé. Ẹyẹ kékeré kan ń rìn lórí òkúta. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹrẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ kò sì yéé mì. Mo bi apẹja kan léèrè. Ó ní, “Ẹyẹ etí omi ni.” Mo sáré padà sọ́dọ̀ Màmá, mo ṣàlàyé, mo tiẹ̀ mi ìdí fún wọn.

Wọ́n dákẹ́. “Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi máa ń pè é tá a bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi.” Wọ́n ya ẹnu, orúkọ náà kò jáde. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n ń wá a, omijé sì bọ́ lójú wọn. N kò rí i kí Màmá sunkún nítorí ọ̀rọ̀ rí.

Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè R. C. Abraham ti ọdún 1958. Orúkọ ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè wá ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Orúkọ 13 ni mo fi sílẹ̀ fún olùkọ́. Níwájú nọ́ńbà 14, mo kọ ọ́ pé: ẹyẹ kékeré etí ọ̀sà, ìdí rẹ̀ ń mì. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, pàápàá ọmọ apẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè kó tó pẹ́ jù.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà sílé-ẹ̀kọ́, Màmá pè mí.

“Àṣàkẹ́, iṣẹ́ abẹ ojú yẹn, tí wọ́n bá ṣe é báyìí, ṣé yóò ti jinná kí lékelèke tó dé?”